Bí Abẹ́rẹ́ Bá Ń Jó: Ọdún Tí Mo Lò Nídìí Suwíìṣì Ọ̀jọ́

Ọmọ àbúrò mi, Bùsáyọ̀, ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì sólà ló ń tà ní Àlàbá, ó sì ń rò ó bóyá kí òun pa títà tì, kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ iná gan-an. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ tó dáa ni?" Mo mú bírò kí n fi dá a lóhùn. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń jókòó tí mo tún ń dìde nídìí ìwé yìí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò kiri, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá so mí mọ́ òpó, màá gbé òpó náà rìn.

Kí irú mi wá lọ fi ọdún mọ́kàndínlógún jókòó síwájú abẹ́rẹ́ kan, ẹ ò rí i pé ayé ń fèèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ iná lápapọ̀. Àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn, nínú ọ́fíìsì ni, kò sí ìtàn níbẹ̀. Ọ̀jọ́ ni ìtàn wà.

Mi ò ní fi bí wọ́n ṣe gbà mí dá yín dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, ẹnì kan nínú ìjọ wa mọ ẹnì kan, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fàájì. Ilé suwíìṣì kan tí kò jìnnà sí bárékè àwọn ṣójà ni wọ́n rán mi lọ. Wáyà ńlá ló ń gbé iná wá bá wa níbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwa la ó sì pín in. Ọ̀nà mẹ́rin la ń pín in sí, fíídà la sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan: fíídà Ìbà, fíídà Okokomaiko, fíídà Àlàbá, fíídà bárékè. Nínú yàrá wa, pátákó irin gíga kan dúró, ọwọ́ suwíìṣì mẹ́rin sì tò lára rẹ̀. Bí o bá yí ọ̀kan sọ́tùn-ún, àdúgbò ríná. Bí o bá yí i sósì, iná lọ, àwọn èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá ẹ láìmọ̀ ẹ́. Lókè pátákó yẹn ni abẹ́rẹ́ wà, nínú gíláàsì roboto bíi ti aago, ó ń tọ́ka sí nọ́ńbà.

Ọ̀gá Ṣówándé ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Abẹ́òkúta ni wọ́n, ọkùnrin tín-ín-rín tí káàkí wọn kì í rún. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n na ìka sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Abẹ́rẹ́ ni, sà."

"Orí kí ló wà?"

"Orí àádọ́ta, sà."

"Máa wò ó títí màá fi dé."

Wọ́n jáde. Wọ́n lọ jẹun, wọ́n lọ kí èèyàn ní bárékè, wọ́n padà dé nígbà tí oòrùn ti yẹ̀. Mo ti dìde nígbà mẹ́rin kí wọ́n tó dé, mo ti ka gbogbo ìwé ara ògiri, mo ti pa aáyán kan. Wọ́n bi mí iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ kúrò lójú kan. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n padà síbẹ̀ kí n tún un wò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Eṣinṣin, nítorí mi ò lè bà síbì kan kí n dúró.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ṣàlàyé ohun tí mo ń wò fún mi. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ní ilẹ̀ yìí, ì báà wà nídìí omi Ọya lókè lọ́hùn-ún, ì báà wà létí òkun, ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà. Bí èèyàn bá ń lo iná ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, ẹ̀rọ á rẹ̀, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Bí ìpèsè bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á sáré, abẹ́rẹ́ á gòkè. Ìyẹn ò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni ijó.

"O ti rí káfíńtà méjì tó gbé pákó gígùn rí?" ni wọ́n bi mí. "Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ìṣísẹ̀ wọn ò bá dọ́gba díẹ̀, kí ni pákó á máa ṣe láàárín?"

"Á máa mì, sà."

"Á máa mì. Ẹ̀rọ omi ló wà níwájú, ẹ̀rọ gáàsì ló wà lẹ́yìn, wáyà tó lọ láti ìhín dé Ọya ni pákó. Bó bá ń mì, abẹ́rẹ́ ń jó nìyẹn."

Omi kì í bu epo, kì í ra gáàsì, ọ̀fẹ́ l'Ọlọ́run fi ń fún wa, òun ló sì gbé ilẹ̀ yìí dúró láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n omi ní ìwà tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọya máa ń kún lọ́dún. Àkọ́kọ́ ń bá òjò tiwa wá. Èkejì ń ti ilẹ̀ òkèèrè rìn bọ̀ fún oṣù púpọ̀, ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ẹ̀kán òjò kan ò sí lọ́dọ̀ wa, ló ń dé. Tí omi kejì yìí bá dé, wọ́n á tan ẹ̀rọ omi tó pọ̀ lókè, wọ́n á jẹ́ kí àwọn ti gáàsì létí òkun sinmi. Ìdí pákó tó wà lọ́dọ̀ wa á wá fúyẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni abẹ́rẹ́ máa ń jó jù.

Ìwà omi kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Bí ẹni tó wà nídìí ìsédò bá ṣílẹ̀kùn fún omi pé kó wá fún wa ní agbára sí i, ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, agbára náà á kọ́kọ́ dín kù ni, kó tó wá pọ̀. Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ká ara rẹ̀ jọ kó tó sáré. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní sùúrù á rò pé ohun tí òun ṣe ò ràn án, á tún ṣe òmíràn lé e, nígbà tí méjèèjì bá wá jọ dé, wàhálà dé.

Ibẹ̀ ni òfin Ọ̀gá Ṣówándé ti wá. Bí abẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n á ní, "Jókòó lé ọwọ́ ẹ." Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Èèyàn á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, á sì máa kà láti ení dé ọgọ́rùn-ún, àfi bí olú iléeṣẹ́ bá fi tẹlifóònù pàṣẹ. Mo ti rí àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n funfun tó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi.

"Ẹni tó bá yá l'Ògún ń gbè, sà," ni mo wí lọ́jọ́ kan tó sú mi.

"Ògún kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbí," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Kà á sókè kí n gbọ́."

Òfin kejì jẹ́ ti káàdì. Ẹni tó bá fẹ́ gun òpó lọ tún wáyà ṣe á kọ orúkọ rẹ̀ sára káàdì pupa, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ yàrá wa. Ẹni tó wà nídìí pátákó á pa fíídà yẹn, á so káàdì kọ́ ọwọ́ suwíìṣì náà. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí ẹni tó ni orúkọ á fi sọ̀ kalẹ̀, tí á wá tú káàdì rẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló so kọ́ ibẹ̀ yẹn.

Músílíù wà lára àwọn tó ń gun òpó. Ọmọ Ìláròó ni, ẹgbẹ́ mi ni, àwo kan náà la jọ ń jẹun nínú rẹ̀. Bí ara mi ò ṣe balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ tutù. Bó bá ń gun òpó, wàá rò pé ó ń sùn.

Ó di ọdún kẹta mi. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa là. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Músílíù gbé káàdì wọlé. Wáyà kan fẹ́ já lórí fíídà Okokomaiko, lórí òpó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Àlàbá. Ọ̀gá pa fíídà náà, wọ́n so káàdì rẹ̀ kọ́. Músílíù ní kí n má jẹ ẹ̀bà tán kí òun tó dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, ọ̀gá gba yàrá bátìrì lẹ́yìn ilé lọ láti bu omi sí àwọn bátìrì.

"Jókòó. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, pè mí."

Mo jókòó. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ijó rí, mi ò tíì rí irú eléyìí. Á fà lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á fà lọ sókè jẹ́jẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ń ju ti ìṣáájú lọ. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan. Mo kà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó yẹ kí n pe ọ̀gá. Mo tilẹ̀ lanu. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tó bá dá a dúró lónìí, wọn ò ní pè é ní Eṣinṣin mọ́.

Abẹ́rẹ́ wálẹ̀, mo ní ẹrù ló pọ̀ jù, mo yí Àlàbá sósì. Suwíìṣì ńlá níta, tí ọwọ́ inú yàrá yẹn ń darí, dún bí ìbọn. Abẹ́rẹ́ gòkè. Inú mi dùn. Ó kọjá àádọ́ta, ó ń lọ. Mo ní ẹrù ti kéré jù, mo yí Àlàbá sọ́tùn-ún. Ìbọn tún dún. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún pa á, mo tún tàn án. Lónìí mo mọ̀ pé kí ni Àlàbá jẹ́ lára gbogbo Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé mo wà láyé. Tirẹ̀ ló ń jó, èmi ni mo ń sáré tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń darí rẹ̀. Bí ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ mi ṣe bá sì já mọ́ nǹkan kan, mo ń ti pákó síbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ tàn án, ojú mi wà lókè, ọwọ́ mi sì bà lé ọwọ́ suwíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún. Káàdì pupa kàn mí ní ìka. Mo rí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo yí i tán ni mo rí i.

Suwíìṣì náà pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí iná bá gbá nǹkan. Ọ̀gá Ṣówándé ti sáré wọlé. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo káàdì tó ń mì. Wọ́n sáré jáde lọ sídìí mọ́tò.

Músílíù ti parí iṣẹ́. Ó ti tú ṣéènì tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́lẹ̀ nítorí irú ewu yìí, ó kù kó sọ̀ kalẹ̀. Iná gbá apá rẹ̀ méjèèjì láti ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló gbé e dúró sórí òpó títí wọ́n fi gbé e sọ̀. Ọlọ́run ò jẹ́ kó kú. Mo ti dúpẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, mo sì ń dúpẹ́ ẹ̀ lónìí.

Àwọn ọ̀gá kan wá láti olú iléeṣẹ́. Wọ́n tú ìwé tí ẹ̀rọ fi ń ya ijó abẹ́rẹ́, wọ́n rí ìlà tó ń lọ sókè sódò bí òkè Olúmọ, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ń jó, sà. Mo wá gbọ́ tí suwíìṣì dún."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ijó ló mi suwíìṣì tó fi tan ara rẹ̀, pé láti ọ̀dọ̀ omi ni. Ọ̀gá Ṣówándé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò lanu. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Mi ò ní tú ẹ sí ìhòòhò lójú àlejò," ni wọ́n wí. "Àmọ́ gbọ́ o, Délé. Ìwé ẹ wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá buwọ́ lù ú, o ò ní dá nìkan jókòó sídìí pátákó kankan ní Nàìjíríà títí wàá fi kú. Mi ò ní buwọ́ lù ú títí wàá fi fẹnu ara ẹ sọ fún Músílíù. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Mi ò sì ní rán ẹ létí."

Orúkọ mi ni wọ́n pè. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti pè é gbẹ̀yìn.

Oṣù márùn-ún ni mo fi gbé e sínú. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣíwọ́, Okokomaiko ni mò ń gbà lọ, sílé ìyá Músílíù, nítorí apá rẹ̀ méjèèjì wà nínú báńdéèjì. Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Màá bu ẹ̀bà, màá tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, màá fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀. Lọ́kàn mi, màá ní tó bá gbé òkèlè kẹwàá mì, màá sọ ọ́. Màá ka òkèlè mẹ́wàá, màá tún ka mẹ́wàá míràn. Ìyá rẹ̀ á jókòó tì wá, á máa ṣàdúrà fún mi.

"Ọlọ́run á fi ẹni bíi tìẹ jíǹkí ẹ, Délé. Ọlọ́run nìkan ni yóò bá mi bi omi Ọya léèrè."

"Àmín, mà," ni màá wí. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Mi ò lè sùn, mi ò lè jókòó. Mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Okokomaiko dé Ìyànà-Ìbà kí n tó wọkọ̀, kí ẹsẹ̀ lè rẹ̀ mí, bóyá ọkàn náà á rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì tó kẹ́yìn ni mo sọ ọ́. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ti ká, kò ní nà mọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú òkèlè fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Mo rí i pé kò nílò mi mọ́, bí mo bá sì jáde lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní padà wá.

"Músílíù, kì í ṣe omi. Èmi ni."

Ó jẹ òkèlè náà tán.

"Mo mọ̀," ló wí. "Orí òpó ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàbá, o ṣe bí mi ò gbọ́? Gbogbo sítẹ́rió tí wọ́n ń dán wò nínú ọjà, wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún dún. Wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n tún dún. Omi wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ní ọwọ́ Eṣinṣin rèé. Mo ní kí n tètè sọ̀."

"O mọ̀, o sì ń jẹun lọ́wọ́ mi?"

"Mò ń retí ẹ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo ní kí n wò ó bóyá mi ò ní dúró tó ogún ọdún."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sunkún, mi ò tijú. Ó ní kí n dìde kí ìyá òun má bá mi nílẹ̀, pé òun ti dárí jì mí, pé òun fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Ó wá ní, "Àmọ́ bí mo bá wà lórí òpó, má wà nínú yàrá yẹn. Mo ti dárí jì ẹ́ o. Ara mi ni kò tíì gbà."

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Ṣówándé wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mú bírò, wọ́n buwọ́ lùwé.

Músílíù padà sórí òpó. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣiṣẹ́ pọ̀ báyìí. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbé káàdì rẹ̀ wọlé, mo ń dìde, ẹlòmíràn ń jókòó, mo ń lọ dúró níta nínú oòrùn. Nígbà tí mo di ọ̀gá ibẹ̀ pàápàá, nígbà tí Ọ̀gá Ṣówándé ti fẹ̀yìn tì, mo ń jáde. Àwọn tuntun rò pé ìjà ló wà láàárín wa. Mi ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà pupa síbẹ̀, nọ́ńbà náà ò sì dúró lójú kan rí, ó wá le ju abẹ́rẹ́ lọ fún irú mi. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bá mi dá abẹ́rẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nísinsìnyí tí sólà tí Bùsáyọ̀ ń tà ti ń gun orí òrùlé, mo ń bi í léèrè: ẹ̀rọ omi ní irin wúwo tó ń yí, bí nǹkan bá bà á lójijì, ìwúwo rẹ̀ á gbé e dúró díẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì ò ní ìwúwo kankan. Bí ìkúukùu bá bo oòrùn, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá kó wọn jọ pọ̀ sórí wáyà kan náà, ta ni yóò di pákó mú? Ó ní bátìrì wà, pé kọ̀ǹpútà á máa rí sí i. Mo ní ó dáa, kó ṣáà kọ́ kọ̀ǹpútà náà láti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990, ọyẹ́ kan tún dé tí ijó ńlá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan wà pẹ̀lú mi, Túndé lorúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ Músílíù sì wà nídìí òpó ní Ìbà pẹ̀lú káàdì tiwọn. Abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀, Túndé sáré sí pátákó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gé nǹkan kan. Ó ń lọ!"

"Jẹ́ kó máa lọ. Olú iléeṣẹ́ ò tíì pè wá. Bá mi kà á."

A kà á dé ọgọ́rùn-ún, a tún un kà. Gbogbo ẹran ara mi ń fẹ́ dìde. Ní ìkẹta, ijó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ó kéré, ó kú. A ò gé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbà láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Túndé ló ròyìn rẹ̀ kiri.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí Músílíù gbé káàdì wọlé, fíídà Okokomaiko ló ń lọ. Mo dìde bí mo ṣe máa ń ṣe, mo pe Túndé wá jókòó, mo kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Músílíù ò yà fún mi. Ó rékọjá Túndé bí ẹni tí kò rí i, ó na káàdì sí mi.

"Gbà."

Mo gbà á. Mo pa fíídà náà, mo so orúkọ rẹ̀ kọ́ ọ, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Ó lo wákàtí méjì lórí òpó. Bí ẹ bá bi mí bí abẹ́rẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ. Mi ò wò ó. Káàdì yẹn ni mò ń wò.